Jíìpù, Ọkọ̀ Kékeré àti Orúnkún Ìyá Àgbà

Ọkọ̀ méjì ni ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbà pé kí a lò wò, kí a sì mú èyí tó bá wù wá. Ọ̀kan jẹ́ jíìpù dúdú tó ga, tí inú rẹ̀ fẹ̀ bí pálọ̀. Èkejì jẹ́ ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú, irú èyí tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrú, tó ń lo bátìrì àti epo bẹntiróòlù pọ̀. Háíbíríìdì ni wọ́n ń pè é. Bàbá mi ti fi ojú yan jíìpù kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn. Èmi náà fẹ́ràn jíìpù, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi tàbí ti bàbá mi. Ti orúnkún ìyá àgbà ni.

Ìyá tó bí màmá mi ni ìyá àgbà. Owódé ni wọ́n ń gbé. Orúnkún ọ̀tún ti ń dùn wọ́n tipẹ́, dókítà ní ọsibítù kan ní Abẹ́òkúta sì ní kí wọ́n máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa bá wọn na ẹsẹ̀ náà, kó má bàa le débi tí wọn ò ní lè ká a mọ́. Wọ́n lọ fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ̀ èrò ni wọ́n ń wọ̀, èyí tí wọ́n ń kó ènìyàn mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀, tí orúnkún á sì há mọ́ àga iwájú. Nígbà tó yá, ìyá àgbà ní ìrora ojú ọ̀nà ju ìrora orúnkún lọ, wọn kò lọ mọ́.

Ọjọ́ tí mo lọ kí wọn tí mo rí i pé wọ́n ti ń wọ́ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù tètè máa ń bà mí, gbogbo ará ilé wa ló mọ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rù yìí yàtọ̀ sí èyí tó máa ń mú mi bí mo bá ń retí èsì iṣẹ́ tí mo wá. Ìyẹn á dé, á sì lọ. Èyí wá jókòó sí mi láyà. Mo ń rò ó pé bí ìyá àgbà kò bá lè rìn mọ́, wọn kò ní lè jáde sí iwájú ilé láti kí ènìyàn. Ẹni tó bá sì mọ ìyá àgbà mọ̀ pé bí wọn kò bá kí ènìyàn láàárọ̀, oúnjẹ kì í gbà lẹ́nu wọn.

Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi pinnu láti ra ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wọn ló ń gbé wọn lọ sí Èkó láàárọ̀, tó tún ń gbé wọn bọ̀, nítorí náà èmi ni n ó máa wa ọkọ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ti kàwé jáde ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà, mo ti sin ìjọba tán, mo ń wá iṣẹ́, mo sì mọ ọkọ̀ wà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nídìí sítíárìn, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ibẹ̀ nìkan ni ọkàn mi ti máa ń balẹ̀.

Jíìpù la kọ́kọ́ gbé, ní ọjọ́ Sátidé kan tí bàbá mi wà nílé. Àwọn ló wà á. Kí a tó kúrò níwájú ilé wa ní Láfẹ́nwá, mo ti jókòó sórí gbogbo àga inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo na ẹsẹ̀, kò kan nǹkan kan. Mo gbé ọwọ́ sókè, òrùlé ṣì wà lókè. Awọ ni wọ́n fi ṣe àga rẹ̀, ó tutù, ó sì gba ìdí mi bí àga ọ̀gá ilé iṣẹ́. Bí a bá dojú àga ìkẹyìn délẹ̀, búùtù rẹ̀ lè gba gbogbo àdìrẹ tí màmá mi ń kó lọ sí ọjà, láì sí pé aṣọ kan rún. Éèsì ń fẹ́ láti òkè, ó ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí a sì bọ́ sí ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ńṣe ni ó kàn ń mì wá lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Dádì," mo ní, "ńṣe ni ìyá àgbà máa sùn nínú ọkọ̀ yìí."

"O ti wá ń gbọ́n," ni bàbá mi fèsì.

N ò tíì gbọ́n rárá. Ṣòkòtò jíǹsì ni mo wọ̀ tí mo fi ń gòkè, tí mo fi ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá àgbà ti múra kí a tó dé. Wọ́n ró ìró àdìrẹ, wọ́n wọ bùbá funfun, wọ́n sì fi ìborùn lé èjìká. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì, èyí tó lágbára, pé kí àwọn fi tẹ ẹnu ọ̀nà jíìpù. Ibẹ̀ ga, ìró sì há. Bí ẹsẹ̀ bá máa dé òkè yẹn, àfi kí wọ́n ká ìró dé itan, ìyá àgbà kò sì ní ká ìró dé itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pàápàá jù lọ lójú ọkọ ọmọ wọn. Mo dì wọ́n mú, mo tì wọ́n díẹ̀, agbára mi kò ká a. Bàbá mi ń lọ sọ́tùn-ún, wọ́n ń lọ sósì. Nígbà tó yá, bàbá mi ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú," wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ìyá àgbà, wọ́n sì gbé wọn sókè.

Ìró tú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti fẹ́ màmá mi, wọn kò kí ìyá àgbà lóòró rí. Wọ́n máa ń dọ̀bálẹ̀ ni, àyà á sì kan ilẹ̀. Ìyá àgbà náà, bí wọ́n ti dàgbà tó, kò pe bàbá mi ní "ìwọ" rí. Ọ̀wọ̀ ló dúró láàárín wọn bí ògiri, ògiri náà sì tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Lójijì, ọwọ́ àna wà lábẹ́ apá àna, ìró ń já bọ́, àwọn obìnrin méjì tó ń ta èlùbọ́ ní òdìkejì ọ̀nà sì ń pariwo.

"Ẹ di ìró wọn mú o!"

"Ìyá, àna yín gbé yín bí ìyàwó tuntun!"

Ẹni tó sọ ìkejì yìí ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé eré ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá àgbà, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, kó gbé èmi àti jíìpù náà mì pọ̀.

Wọn kò sùn nínú ọkọ̀. Orí àga gbàràgàdà yẹn ni wọ́n jókòó sí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìró mú, ẹsẹ̀ wọn kò sì kan ilẹ̀ ọkọ̀ dáadáa. Bí a ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Owódé, àwọn ojúlùmọ̀ wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Gíláàsì jíìpù náà dúdú, bàbá mi sì ní kí a má ṣí i nítorí éèsì. Ìyá àgbà ń gbé ọwọ́ sókè láti kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn, ọwọ́ náà tún ń padà sórí itan.

"Wọn ò rí mi," ni wọ́n ní. Wọ́n tún di ìró mú títí a fi dé ọsibítù.

Nígbà tí a padà dé Owódé, wọ́n ní láti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yẹn. Wọ́n kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wọn. Wọ́n wọ́ ìdí dé etí àga, wọ́n sì já sílẹ̀ sórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí bàbá mi.

"Àna mi, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi ọkọ̀ náà rìnnà ire. Ṣùgbọ́n n ò lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí orúnkún wà bó ṣe wà."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ẹni tó bá ń bínú, a lè bẹ̀ ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, màmá mi ti ọjà dé, aró ṣì wà ní èékánná wọn bó ṣe máa ń wà. A ròyìn fún wọn.

"Àpótí la máa gbé sínú ọkọ̀," ni bàbá mi wí. "Wọ́n á tẹ àpótí, wọ́n á wọlé. Ó parí."

Màmá mi wò wọ́n. "Kí màmá mi gun orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bí ẹni tó fẹ́ já ọsàn?"

"Ṣé kí n wá gé ẹsẹ̀ jíìpù ni?"

"Dádì," mo ní, "ẹ jẹ́ kí a gbé ọkọ̀ kékeré lọ."

"Ẹ̀ńjíníà!" Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń pè mí bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìmọ̀ oúnjẹ lo kà jáde, o ò ka ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ yẹn, orí mi máa kan òrùlé."

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe orí yín ló ń lọ sí ọsibítù."

Màmá mi yí ojú sí ògiri, èjìká wọn ń mì. Bàbá mi ní, "Ẹ wò ó, ọmọ yìí ò ní tètè ríṣẹ́ o. Bó bá fi ẹnu yìí wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n á lé e jáde kí wọ́n tó bi í ní orúkọ." Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé rárá.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ pé nígbà mìíràn, bí mo bá sọ̀rọ̀ báyẹn tán, mo máa ń wọ yàrá lọ ro ó pé bóyá mo ti kọjá àyè mi. Lọ́jọ́ yẹn, n ò rò ó. Ó dá mi lójú pé mo mọ ohun tí mò ń wí, ìdánilójú náà sì dùn lára mi bí omi tútù.

Nígbà tí a gba ọkọ̀ kékeré náà, mo bọ́ ṣòkòtò, mo ró ìró màmá mi, mo sì dì í bí ìyá àgbà ṣe máa ń dì í. Mo wọlé, mo jáde, mo wọlé, mo jáde, títí ará ilé kejì fi yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyàwó, ọkọ ò tíì dé ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ohun tí mo rí nìyí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kò ní gba ìyá àgbà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kéré, òrùlé ibẹ̀ tẹ̀ wá sílẹ̀, orúnkún sì máa kan àga iwájú bó ṣe ń kàn án nínú ọkọ̀ èrò. Ṣùgbọ́n àga iwájú ń sún sẹ́yìn, ó sún débi pé mo na ẹsẹ̀ mi tán pátápátá. Kò sì sí pé à ń gun nǹkan kan. Ènìyàn á kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, á jókòó bí ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á wá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Ìró ò kúrò níbi tó wà. Ìṣòro kan ló kù: àga náà lọ sílẹ̀ díẹ̀ jù fún ẹni tí orúnkún ń dùn láti dìde. Mo wá tìmùtìmù kan tó le nínú pálọ̀ wa, mo tẹ́ ẹ sórí àga. Mo jókòó, mo dìde. Ó gún régé.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n gbọ́, wọ́n wá béèrè ohun tí n ò tíì ronú kàn.

"Níwájú ni Mọ́mì máa jókòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi wá ń wa ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èjìká kan èjìká? Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀?"

Òótọ́ ni. Nínú jíìpù, àyè ńlá wà láàárín awakọ̀ àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú èyí, bí mo bá fa búréèkì ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́ mi á kan ẹni náà. Mo ní èmi ni n ó wà á. Mo ní kí bàbá mi dúró sílé.

"Kí n rán ọmọ lọ bẹ àna mi? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa. Mò ń bá ọ lọ."

"Ibo lẹ máa jókòó sí?"

Bàbá mi wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Wọ́n ga ju gbogbo wa lọ nílé. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ká ara wọn wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹní tí wọ́n ń ká, orúnkún wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Orúnkún tèmi ló máa kù tí a máa gbé lọ sí ọsibítù," ni wọ́n wí láti inú ibẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé e la lọ. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ náà dára fún ìyá àgbà. Ohun tí n ò mọ̀ ni bóyá wọ́n á gbà kí n fi hàn wọ́n. Nígbà tí a dé, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé, láì wo aṣọ tí wọ́n wọ̀.

"Mọ́mì, ẹ foríjì mí. Ìkánjú ló mú mi."

"Ẹ dìde, àna mi. Ẹ dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. Kí lẹ ṣe fún mi bí kò ṣe oore?" Ìyá àgbà wo ọkọ̀ náà. "Èyí tún kéré."

"Ìyá àgbà, ẹ ò ní gun nǹkan kan," mo yára sọ. "Ẹ máa kọ ẹ̀yìn sí i ni, ẹ máa jókòó, ẹ wá gbé ẹsẹ̀ wọlé. Èmi ni mò ń wà á. Iwájú lẹ máa wà."

"Ibo wá ni àna mi máa wà?"

"Ẹ̀yìn ni."

"Ẹ̀yìn? Kí ọkọ ọmọ mi ká jọ sẹ́yìn bí ẹrù, kí èmi wá na ẹsẹ̀ níwájú? Rárá o. Kí lẹ fẹ́ kí ará Owódé máa sọ?"

Mo ti ro ìró, mo ti ro orúnkún, mo ti ro òrùlé, n ò ro èyí. Ọ̀wọ̀ tó mú kí wọ́n kọ jíìpù náà ló tún fẹ́ mú kí wọ́n kọ èyí. Mo ṣe bíi pé kí n bẹ̀rẹ̀ àlàyé mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa dé. Bàbá mi ti wọlé.

"Mọ́mì!" wọ́n pè láti inú ọkọ̀. "Mo ti há síbí o. Bí ẹ ò bá wọlé, ẹ̀yin lẹ máa wá fà mí jáde, nítorí n ò lè dá jáde."

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n yọjú wo ojú gíláàsì. Wọ́n rí bàbá mi pẹ̀lú orúnkún lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, ẹ̀rín tó pẹ́ tí mo ti gbọ́.

"Ẹ wo ọkùnrin gíga bí ìrókò!" wọ́n ní. "Àna mi, ẹ ti ṣe bí ìgbín."

"Ẹ ṣàánú ìgbín, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìyá àgbà kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀. Mo dúró sítòsí, mo di ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn kí n má bàa fi kàn wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, wọ́n jókòó sórí tìmùtìmù, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kejì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, tòsì tẹ̀lé e. Wọ́n fa etí ìró wọlé. Wọ́n wò mí bí ẹni pé kí ni mo tún ń dúró ṣe.

Mo tẹ bọ́tìnì, kò sí ariwo, nítorí bátìrì ló kọ́kọ́ ń lò.

"Ọkọ mi, kò dáná ni?"

"Ó ti dáná, ìyá àgbà."

"N ò gbọ́ nǹkan kan."

Ọkọ̀ yí. Wọ́n di ẹ̀gbẹ́ àga mú. "Yéè! Ó ń lọ bí ológbò."

Nítorí ó ń lọ bí ológbò lóòótọ́, nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ọjà, kò sẹ́ni tó gbọ́ wa. Bàbá kan ń ti ọmọlanke lọ ní àárín ọ̀nà, kò yà. Kí n tó tẹ fèrè, ìyá àgbà ti yọ orí lójú gíláàsì tí mo ṣí sílẹ̀ fún wọn. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ fún wa lọ́nà!" Bàbá náà yà, ó sì kí wọn padà. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojú wọn àti ojú àwọn tó jókòó nídìí igbá wà lọ́gbọọgba. Ẹni tó ń ta tòmátì na ọwọ́ wọlé, ó di ọwọ́ wọn mú.

"Ìyá! Ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ̀yin náà lẹ wà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni o. Ọsibítù ni mò ń lọ."

"Ẹsẹ̀ á mókun o!"

"Àmín, àṣẹ. Ẹ kú ọjà."

Gbogbo ẹni tí wọ́n kí ni wọ́n ń sọ ọ́ fún: ọsibítù ni mò ń lọ. Mo ń fetí sí i bí mo ṣe ń wakọ̀. Mo ro ó pé ohun tí ènìyàn bá ti sọ fún gbogbo ọjà, kò rọrùn fún un láti yí i padà. Ó lè jẹ́ pé mo ń rò jù, ṣùgbọ́n ó fi mí lọ́kàn balẹ̀.

N ò ní sọ pé ọkọ̀ kékeré borí níbi gbogbo. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ó ń jù wá sókè. Gbogbo kòtò tí jíìpù fi ṣeré ni èyí fi hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, abẹ́ rẹ̀ sì ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orí bàbá mi kan òrùlé.

"Ẹ̀ńjíníà, mo ti gbọ́ o," wọ́n ní.

"Rọra máa lọ, ọkọ mi," ni ìyá àgbà wí. "A ò bá ẹnikẹ́ni sá eré." Mo rọra. Mo kọ́ pé bí mo bá yà fún kòtò kí n tó dé e, tí n ò dúró dìgbà tí mo bá dé orí rẹ̀, orúnkún wọn kì í mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí jíìpù fi táyà ńlá ṣe, mo lè fi sùúrù ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí n pẹ́ ní ọ̀nà. Ìyẹn kò dùn mí.

Ní ọsibítù, mo sáré yí ọkọ̀ po kí n lè ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà ti ṣí i. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ ti àga, wọ́n dìde. Wọ́n tún ìró ró kó dúró dáadáa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ṣì wà lẹ́yìn, wọ́n ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà yọ ẹsẹ̀ wọn kan. Ìyá àgbà kò dúró dè wá. Ìgbà tí mo fi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń kí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Nọ́ọ̀sì tó ń na ẹsẹ̀ wọn wò wọ́n, ó gbọn orí.

"Mọ́mì, ẹ kì í wá déédéé. Ẹsẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ṣé ẹ máa lè wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Mo di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mi mú. Bàbá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi mí sí," ni ìyá àgbà wí. "Kí oòrùn tó mú. Ọmọ mi ló ń gbé mi bọ̀, kì í sáré."